Ta Ni Ó Yẹ Kí A Rán? Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Aṣojú Orílẹ̀-Èdè

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí a rán ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, iṣẹ́ ẹnu ni, iṣẹ́ ìwà sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí a rán lè tún ọ̀rọ̀ tí ó wọ́ ṣe kí ó tọ́, ó sì lè ba èyí tí ó dára jẹ́. Ìdí nìyí tí ariwo fi máa ń sọ nígbà tí ìjọba bá yan ẹni tí ará ìlú kò gbà pé ó yẹ láti ṣe aṣojú wa ní ilẹ̀ òkèèrè. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó yẹ ọ̀kan nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ wò, èyí tí ó wáyé ní Nàìjíríà ní ọdún 2021, kí a lè mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bèèrè nígbàkúùgbà tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀.

1. Iṣẹ́ aṣojú láyé àtijọ́

Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí kí òyìnbó tó dé. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán níṣẹ́. Wọ́n á fá apá kan orí wọn kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí wọn lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́. Orúkọ tí ọba ń fún wọn pàápàá máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Mádàríkàn. Ìkìlọ̀ ni orúkọ náà jẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ forí sọ ọba.

Yàtọ̀ sí ìlàrí, ajẹ́lẹ̀ tún wà. Òun ni ó ń gbé ní ìlú tí ó wà lábẹ́ ìlú mìíràn, tí ó ń ṣojú àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Bí ajẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ọmọlúàbí, ìlú á tòrò. Bí ó bá jẹ́ aninilára ńkọ́? Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìwà ìfìyàjẹni àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí ó mú kí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878. Bí ogun Kírìjì ṣe gbóná nìyẹn, àdéhùn àlàáfíà kò sì wáyé títí di ọdún 1886. A rí i nígbà náà pé ìyà aṣojú burúkú kì í mọ sórí ẹni tí a rán; gbogbo ìlú ni ó máa ń jẹ ẹ́.

2. Ohun tí òfin wí lónìí

Lóde òní, ẹnu ọ̀nà méjì ni ẹni tí a yàn ní láti gbà kọjá. Àkọ́kọ́ wà nílé. Abala 171 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún Ààrẹ ní agbára láti yan aṣojú orílẹ̀-èdè, èyí tí a ń pè ní áńbásẹ́dọ̀, ṣùgbọ́n yíyàn náà kò lè múlẹ̀ àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà bá fọwọ́ sí i. Abala yìí kan náà sọ pé kí Ààrẹ ro ti gbogbo ẹ̀yà àti ìṣọ̀kan ilẹ̀ wa bí ó bá ń yan ènìyàn.

Ẹnu ọ̀nà kejì wà lọ́dọ̀ ẹni tí a ń rán an sí. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní ọdún 1961, a kò gbọdọ̀ rán aṣojú sí ilẹ̀ kan láìjẹ́ pé ilẹ̀ náà kọ́kọ́ gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọn kò jẹ wá ní àlàyé. Bí wọ́n bá sì ti gbà á, wọ́n ṣì lè ní kí ó máa lọ nígbàkúùgbà.

Oríṣi aṣojú méjì ni a ní. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Wọ́n wọ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà èwe, wọ́n sì gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí Ààrẹ mú wá láti ìta, tí wọ́n jẹ́ olóṣèlú, olùkọ́ tàbí ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé oríṣi kejì yìí burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó di aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 1962 sí 1967. Kì í ṣe inú iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti dàgbà, síbẹ̀ ó ṣe é, ó sì gba iyì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria kí ó tó di mínísítà, kí ó sì tó lọ ṣojú wa ní Àjọ náà láti ọdún 1990 sí 1999. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn ti wá kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

3. Ọ̀rọ̀ ọdún 2021

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari pààrọ̀ àwọn olórí ológun mẹ́rin tí wọ́n ti wà lórí àga láti oṣù Keje ọdún 2015. Àwọn ni Gabriel Ọlọ́nìṣàkin ọmọ Èkìtì, tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn; Tukur Buratai ti ológun orí ilẹ̀; Ibok-Ete Ibas ti ojú omi; àti Sadique Abubakar ti òfurufú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 9 péré, a gbọ́ pé Ààrẹ ti fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin Àgbà pé kí wọ́n di aṣojú orílẹ̀-èdè. Mohammed Usman, tí ó ti jẹ́ olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, ni ẹnìkarùn-ún wọn.

Kí ni ó fa ariwo? Ilé Aṣòfin Àgbà yìí kan náà ti ní kí wọ́n fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020. Nígbà tí àwọn oníjàgídíjàgan pa àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Zabarmari ní ìpínlẹ̀ Borno ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé tún rọ Ààrẹ pé kí ó pààrọ̀ wọn. Ohun tí Ilé ń wí ni pé ọwọ́ wọn kò ká iṣẹ́ ààbò mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2021, kí oṣù 3 tó pé lẹ́yìn ìpinnu ti Zabarmari, Ilé kan náà fọwọ́ sí gbogbo wọn. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe, olórí ẹgbẹ́ alátakò nínú Ilé, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ṣùgbọ́n Ahmad Lawan tí ó jẹ́ olórí Ilé kò jẹ́ kí ó lọ jìnnà.

Àwọn tí ó gbè yíyàn náà lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A rán Buratai sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, Ọlọ́nìṣàkin sí Cameroon, Abubakar sí Chad, Ibas sí Ghana. Benin, Cameroon àti Chad wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ tí ó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè adágún Chad. Ẹni tí ó ti bá wọn jagun pọ̀ mọ ojú, ó mọ ọ̀nà.

Àwọn alátakò ní tiwọn sọ pé ẹ̀bùn ìdágbére ni. Wọ́n ní àwọn tí ó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ṣẹ́ aṣojú ni a ń gba ipò mọ́ lọ́wọ́. Àwọn kan tún sọ ju èyí lọ. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi wọ́n pamọ́ ni, nítorí pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Fatou Bensouda, olùpẹjọ́ àgbà ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fún Ìwà Ọ̀daràn ní Hague, sọ pé ìdí wà láti gbàgbọ́ pé Boko Haram àti àwọn kan nínú ológun wa ti hu ìwà ọ̀daràn ogun. Ìkéde náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

4. Ṣé òótọ́ ni pé ipò aṣojú jẹ́ ibi ìsásí?

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ bí ààbò aṣojú ti rí. Àdéhùn Vienna sọ pé ilẹ̀ tí ó gba aṣojú lálejò kò lè mú un, kò sì lè bá a ṣẹjọ́ ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà tún sọ pé ààbò yìí kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin ilẹ̀ tirẹ̀. Bí aṣojú Nàìjíríà bá ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì lè pè é. Ní ti Hague, abala 27 nínú òfin tí ó dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀ sọ pé ipò kankan kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe olórí orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin yìí ní ọdún 2001, Benin sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2002. Ẹ̀sùn pé ipò náà á fi wọ́n pamọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti rò.

5. Ibi tí àṣìṣe wà gan-an

Bí kì í bá ṣe pé ológun ni wọ́n, tí kò sì jẹ́ pé ipò náà lè fi wọ́n pamọ́, níbo ni àṣìṣe wà? Lójú tiwa, ọ̀dọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ni ó wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ilé sọ fún ará ìlú láàrin oṣù díẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí kò kún ojú òṣùwọ̀n. Bí ó bá ti wá rí ìdí láti yí ọkàn padà, ó jẹ wá ní gbèsè àlàyé. Bóyá ẹni tí kò lè ṣẹ́gun lójú ogun lè ṣe aṣojú dáadáa. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ní gbangba. Òfin fi ìlẹ̀kùn sí iwájú Ààrẹ kí ẹnìkan lè dúró níbẹ̀ kí ó bèèrè ọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kùn tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò yàtọ̀ sí ihò lára ògiri.

Ohun tí ó tẹ̀lé e tún jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 2022, Abubakar ti padà wá sílé, ó sì di olùdíje ẹgbẹ́ APC fún ipò gómìnà Bauchi nínú ìdìbò ọdún 2023. Kò sí òfin tí ó rú. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a ti bi í: ọdún mélòó ni o fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, olórí ìjọba Britain, Keir Starmer, yan olóṣèlú àgbà Peter Mandelson láti ṣojú wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti mọ̀ pé ó ti bá Jeffrey Epstein, ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, ṣe ọ̀rẹ́. Wọ́n yàn án bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìwé tí ó kọ sí Epstein jáde, Starmer yọ ọ́. Ìbéèrè tí a kò bi àlejò lẹ́nu ọ̀nà, àárín ilé ni a ó ti bi í, níṣojú ayé.

6. Kí ni ó kàn wá?

Ó kàn wá gan-an. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó há síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbé wọn dé ẹnu ibodè Íjíbítì, wọ́n sì sùn síta fún ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀nà tó là. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń mọ ìwúlò aṣojú tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ṣọ́ ibodè. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pe àwọn aṣojú wa padà, ohun tí ó lé ní ọdún 2 sì kọjá kí ó tó fi orúkọ tuntun ránṣẹ́ sí Ilé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, ẹni tí ó darí ìdìbò ọdún 2023, wà nínú wọn, ariwo sì tún sọ. Bí adájọ́ ìdíje bá gba ipò lọ́wọ́ ẹni tí ó borí, kò dìgbà tí ó bá ṣẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó bèèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ jẹ́ kí a máa fi wọn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń rán an lọ? Kí ni ó ti ṣe rí tí ó fi hàn pé ó lè ṣe é? Ta ni ó bi í ní gbangba, kí sì ni ó fèsì? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta kò bá sí, ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́ kò lè dá wa lójú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìlàrí àti ajẹ́lẹ̀? Èwo nínú wọn ni ó jọ áńbásẹ́dọ̀ òde òní jù, kí sì nìdí?
(ii) Ṣé ó yẹ kí òfin sọ iye ọdún tí olórí ológun tàbí alága àjọ ìdìbò gbọ́dọ̀ fi sinmi kí ìjọba tó fún un ní ipò mìíràn?
(iii) Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ rán ẹnìkan lọ ṣojú wa níwájú àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́, ìbéèrè wo ni ẹ ó kọ́kọ́ bi í?