Àbúrò Mi, Wá Ká Yan Kọfí

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Kọfí inú agolo tó wà lórí tábìlì ẹ yẹn, èyí tí o máa ń bu ṣíbí kan nínú ẹ̀ sínú omi gbígbóná kó o tó sáré jáde láàárọ̀, kò burú. Èmi náà mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yan kọfí oko wa fúnra mi lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ọ̀kà Àkókó, tí mo gún un, tí mo sẹ́ ẹ, tí mo gbé ife yẹn sẹ́nu, mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó dùn mí pé ohun tó dára tó báyìí ti wà lẹ́sẹ̀ ilé wa láti kékeré mi, kò sì sẹ́ni tó tọ́ ọ wò nínú wa.

Kọfí kì í ṣe àjèjì ní Àkókó. Bí àwọn òbí ẹ bá ní oko kókó ní agbègbè Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, wàá rántí igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ ń dán yẹn, tí òdòdó rẹ̀ máa ń funfun báláú nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí òórùn dídùn rẹ̀ á gba oko kan. Ìyá wa a máa sá èso rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé nígbà ọyẹ́, àwa ọmọdé la sì ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí ẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbẹ dé ibi tí a ó mì í lọ́wọ́ tí yóò máa dún ṣàkàṣàkà nínú èèpo. Wọ́n á gún un lódó kí èèpo lè ya, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sápò, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Nígbà yẹn, ìyá wa kò tíì mu ife kan nínú rẹ̀ rí. Owó iléèwé wa ni kọfí jẹ́ lójú wọn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mu.

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1977 tó ń rí sí ọjà kókó, kọfí àti tíì, àgbẹ̀ sì mọ ibi tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà fúnra rẹ̀. Owó kókó sì jọjú ju ti kọfí lọ. Ọ̀pọ̀ gé kọfí wọn, wọ́n fi kókó tàbí kajú rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá fẹ́ kọfí lónìí, àwọn àgbà tí kò gé tiwọn ni kó o lọ bá.

Irú kọfí tí wọ́n ń pè ní robusta ni tiwa. Inú igbó Áfíríkà níhìn-ín ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì fara da ooru. Arabica tí àwọn ilé kọfí ńlá ń polówó fẹ́ orí òkè tó tutù. Orí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà. Irú mìíràn tilẹ̀ wà tí àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ Abẹ́òkúta pè, abeokutae, kó o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọfí àti ilẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kókó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ń ṣe ìwádìí lórí kọfí pẹ̀lú. Lóòótọ́, robusta korò ju arabica lọ, kaféènì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé ìdí nìyẹn tí kò fi dára. Má gbà fún wọn. Kọfí tí wọ́n yan jóná, tí wọ́n gún sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n wá sè bí àgbo, kò sí irú tí kò ní korò.

Má wulẹ̀ ronú ẹ̀rọ oníná. Agbada kékeré tàbí ìkòkò irin tó nípọn, orógùn, atẹ, odó, kẹ́tù, àti aṣọ funfun bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, gbogbo rẹ̀ ti wà nílé.

Ìyíyan lọ̀rọ̀ wà, jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀. Ife tíì kan péré ni kó o kọ́kọ́ yan. Ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà: òkúta, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ẹyọ kan tó bu lè ba gbogbo ife jẹ́. Gbé agbada kaná, jẹ́ kó gbóná níwọ̀ntúnwọ̀nsì, da kọfí sí i, kó o sì máa rò ó bí ẹni ń yan gàrí, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró. Tí ọwọ́ bá dúró, ẹ̀gbẹ́ kan á jó, inú á sì wà ní tútù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òórùn koríko lá máa rùn. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá yá, á pọ́n rúsúrúsú bí àgbàdo tí a yan, òórùn rẹ̀ á sì yí padà di ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wàá gbọ́ ọ: tá! tá! tá-tá! bíi gúgúrú. Omi inú ẹyọ kọfí ló di ooru tó ń wá ọ̀nà jáde yẹn. Láti ibẹ̀ lọ, etí ni kó o fi yan án, má fọkàn tán ojú nìkan. Bí ìró yẹn bá ti ń dínkù, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti èèpo kókó tó gbẹ, fún un ní ìṣẹ́jú kan sí i, kó o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó o bá dúró títí òróró fi yọ sí i lára, tí èéfín ń rú túú, eérú ni wàá mu.

Nígbà kan tí mo ń yan tèmi, fóònù dún. Mo gbé e. Ọ̀rọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú méjì, kọfí tí mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti di èédú. Inú yàrá ni fóònù mi ń wà báyìí tí mo bá ń yan kọfí.

Gbàrà tó bá kúrò lórí iná, dà á sórí atẹ, fẹ́ ẹ níta kí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ fò lọ, kó o sì máa gbọ̀n ọ́n títí yóò fi tutù, nítorí ooru tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń yan án lọ ni. Tó o bá fi 100 gíráàmù bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 80 sí 85 ni wàá bá níbẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó lọ. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀. Má mu ún lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ṣì ń jáde lára rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀ dáadáa. Jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, kó o wá dà á sínú ìgò tó ní ọmọrí tó le, kó o gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni adùn rẹ̀ wà. Má gbé e sínú fíríìjì tó ní ẹja, jọ̀ọ́.

Òórùn ni kọfí máa ń fà mọ́ra jù. Odó tí o fi ń gún ata, má fi kọfí kàn án. Ra kékeré kan sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí à ń yí, tí a fi ń lọ ẹ̀gúsí, lo ní, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá lọ ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ kan nínú rẹ̀, dà á nù. Ìrẹsì yẹn ló máa gbá òróró ẹ̀gúsí jáde. Bí iyanrìn odò ni kí kọfí rí tó o bá gún un tán, kì í ṣe bí èlùbọ́. Èyí tí o máa mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sì ni kó o gún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń dí láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì lódó yìí ló ya kọfí ẹ sọ́tọ̀ sí tinú agolo.

Ó wá ku sísẹ́. Fún ife ńlá kan, bíi mílílítà 250, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó tẹ́jú ló tó, ìyẹn nǹkan bí 15 gíráàmù. Jẹ́ kí kẹ́tù hó, gbé e kúrò lórí iná, ka oókan dé ọgbọ̀n. Na aṣọ sórí asẹ́ kékeré, fi omi gbígbóná ṣàn án, da kọfí sí i. Ta omi díẹ̀ sí i lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ̀nba tó máa rin ín, kó o wò ó: á wú, á máa yọ ìfófòó bí ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ yíìsì. Tí kò bá wú, kọfí yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Tún ka ọgbọ̀n, kó o wá máa da omi yòókù díẹ̀díẹ̀ yíká yíká. Kó gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá yára ṣàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó rí ṣàn-ìn lẹ́nu, tó ń kan díẹ̀, gún un kúnná sí i lọ́la. Bó bá há, tó wá korò, o ti gún un jù nìyẹn.

Bí kò bá sí ààyè fún gbogbo èyí, da kọfí sínú jọ́ọ̀gì, da omi lé e, fi nǹkan dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó o wá sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má gbé e padà sórí iná kó máa hó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, òun ló sì máa ń mú kí àwọn kan sọ pé àwọn ò fẹ́ràn kọfí.

Aṣọ tuntun, sè é nínú omi lásán kó o tó lò ó. Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láé. Fi omi ṣan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò lára rẹ̀, sá a sí oòrùn, sè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Má rò pé aṣọ lásán kéré: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ kọfí sú ìyàwó ilé kan ní Dresden, ní Jámánì, tó ń jẹ́ Melitta Bentz. Ó mú ìkòkò kékeré kan, ó fi ìṣó lu ihò sí i nídìí, ó ya bébà tó ń fa yíǹkì láti inú ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó da kọfí sí i. Ní 1908, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí ohun tó ṣe yẹn, ó sì di ilé-iṣẹ́ tó ṣì wà dòní. Nínú ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ń ṣe tí inú àwọn àlejò mi máa ń dùn sí. Ní Senegal, wọ́n máa ń po kọfí mọ́ ẹ̀ẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀rù kan náà tí à ń fi sínú ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ, pẹ̀lú kànáfùrù nígbà mìíràn. Café Touba ni wọ́n ń pè é, aṣọ ni wọ́n sì fi ń sẹ́ ẹ. Robusta ni wọ́n sábà máa ń lò, nítorí náà tiwa bá a mu gan-an. Ẹyọ ẹ̀ẹ̀rù kan fún ife mẹ́ta ti tó. Yan án pọ̀ mọ́ kọfí níparí, gún wọn pọ̀. Mílíìkì inú agolo àti oyin náà bá robusta lọ dáadáa, adùn kọfí náà kì í pòórá sínú mílíìkì.

Gbọ́ eléyìí náà kó o má fojú fò ó. Bí o bá lóyún, má jẹ́ kí kaféènì kọjá mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Kọfí wa yìí lágbára, ife kékeré kan ni kó o fi mọ. Má mu ún mọ́ oúnjẹ, nítorí kì í jẹ́ kí ara gba ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ dáadáa. Fi wákàtí kan sí àárín wọn. Lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán, èmi kì í mu ún mọ́, torí oorun mi.

Lọ́jọ́ tí mo yan án tó dáa, mo gbé ife kan fún ìyá wa. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n wo inú ife. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí à ń tà nìyí?" Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì na ife padà sí mi.

Àkókò tí èso rẹ̀ ń pọ́n kì í jìnnà sí ìgbà ọyẹ́. Bó o bá ń bọ̀ nílé fún ọdún Kérésì, mú ike tó lọ́mọrí dání, kó o bi àwọn àgbà adúgbò ẹ léèrè ẹni tí kọfí ṣì wà lóko rẹ̀. San owó gidi fún wọn. Ife àkọ́kọ́ tí o bá sì sẹ́, màmá ni kó o gbé e fún.