Àpótí Ìṣúra ní Òfíkì: Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Nọ́ńbà Tó Ń Ṣí Àgádágodo

Bí ẹ bá ń mú àwọn ọmọ bọ̀ nílé láti Èkó, láti Ìbàdàn tàbí láti òkè òkun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọjọ́ kìíní á dùn, wọ́n á kí wọn, wọ́n á fún wọn ní ẹ̀pà jẹ. Tó bá di ọjọ́ kejì, olúkálùkù á gbé fóònù, á máa wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà káàkiri àgbàlá. Eré tí mo fẹ́ júwe yìí wà fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ nílò kò ju àwòrán ilẹ̀ kan, àpótí kan, àgádágodo mẹ́ta tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ló ń ṣí wọn, àti ìlú Òfíkì. Àlejò tí kò ní ẹbí níbẹ̀ náà lè ṣe é, bí ó bá ti rí ẹni tó mú un wọ̀lú.

Ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Òfíkì wà, Tedé sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ṣakí ni ìlú ńlá tó wà lápá àríwá, Ìsẹ́yìn ló wà lápá gúúsù. Orúkọ kan náà ni odò Òfíkì ń jẹ́. Òun àti Ọ̀yán ni ẹ̀ka ńlá méjì tó ń tú sínú odò Ògùn kí Ògùn tó forí lé ọ̀sà Èkó. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè gba Ọ̀yọ́ yọ sí Ìsẹ́yìn, tàbí kó gba ọ̀nà Moníyà, kìlómítà 65, tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún ṣe. Láti Ìsẹ́yìn síwájú, gáréèjì ni kí ẹ ti béèrè mọ́tò. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ló dára jù fún eré yìí. Wọ́n ti kórè, iṣu wà nílé, àwọn àgbà sì ráyè jókòó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń dáná sun igbó. Ẹ má gbé àpótí onírọ́bà sínú koríko láé. Iná lè kọjá níbẹ̀ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, ẹ ò sì ní rí ju rọ́bà yíyọ́ lọ. Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀: eruku rẹ̀ a máa wọ inú àgádágodo, nọ́ńbà á sì le koko. Ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ kan ti tó. Nígbà òjò ńkọ́, láti nǹkan bí oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, koríko ti ga ju ọmọdé lọ, ejò sì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà yẹn lẹ wá, inú agbo ilé ni kí eré náà mọ.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun pamọ́ síbì kankan, ẹ lọ kí àwọn àgbà. Mi ò sọ èyí nítorí ẹ̀tọ́ nìkan. Òkè-Ògùn, agbègbè tí Òfíkì wà, jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn kan ń wá òkúta olówó iyebíye sí láìgbàṣẹ, ìbẹ̀rù ajínigbé sì ti mú kí ojú àwọn ará abúlé là sí àjèjì. Láti ọdún 2020 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti ń ṣọ́ ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire pẹ̀lú àwọn ọdẹ. Ẹni méjì tó mú àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ lábẹ́ igi, tí wọ́n tún ń wo ẹ̀yìn wò, kí ni ẹ fẹ́ kí ọdẹ rò sí wọn? Ẹ jẹ́ kí onílé yín mú yín dé ààfin, kí ẹ sọ pé eré ọmọdé ni, kí ẹ sì ṣí àpótí hàn wọ́n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹ béèrè ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọ́dọ̀ dé, pàápàá igbó orò, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán yín.

Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti hú ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ, ohun àtijọ́ sì wà nílẹ̀ yìí, nítorí ogun àti ìṣíkiri ló tẹ ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀ dó. Ẹ má sì fi nǹkan kan sí odò. Ní Amẹ́ríkà, Forrest Fenn gbé àpótí wúrà pamọ́ sórí òkè ní nǹkan bí ọdún 2010, ó fi ewì júwe ibẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó rí i, ó kéré tán ènìyàn márùn-ún sì ti kú níbi tí wọ́n ti ń wá a, àwọn kan nínú wọn sínú odò. Eré tirẹ̀ tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n omi kò mọ eré.

Ibi tó yẹ kí àpótí wà ni ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan tó máa ń wà nílé. Ìyá àgbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ló dára jù. Inú yàrá rẹ̀ ni kó wà, lábẹ́ ibùsùn. Ìwé tó ṣàlàyé ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà ló ń káàkiri ìlú. Ìṣúra kì í kúrò nílé.

Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ fúnra yín, ẹ má gba ti Google. Ààfin, ọjà, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé, àpáta tó yọrí, igi ẹ̀mí tàbí igi igbá tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ìwọ̀nyí ti tó. Ibi tí oòrùn ti ń yọ ni kí ẹ fi ṣe òkè ìwé náà, ọmọ tí kò ní kọ́ńpáàsì á lè lò ó láàárọ̀. Tí ẹ bá kọ “ogún ìṣísẹ̀”, ẹ sọ ti ta ni. Ìṣísẹ̀ ọmọ ọdún méje àti ti bàbá rẹ̀ kò rí bákan náà, ìjà ibẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Okùn gígùn kan tí gbogbo wọn á jọ máa fi wọ̀n ló dára.

Ó wá kan àgádágodo. Ẹ ra èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́rin. Èyí tó ní mẹ́ta, láti 000 títí dé 999, ẹgbẹ̀rún kan péré ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbìyànjú gbogbo rẹ̀ tán láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, kò sì ní bi àgbà kankan ní ìbéèrè. Onímẹ́rin jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó lé ní wákàtí márùn-ún, ọmọ tó lè jókòó tì í tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó gba ẹ̀bùn náà. 0000 ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà nígbà tí ẹ bá rà wọ́n. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí ni kí ẹ yí i sí nọ́ńbà tiyín, ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tì í, ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé fún onílé yín.

Àrokò ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àgádágodo kìíní. Kí ìwé tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi owó ẹyọ ránṣẹ́ tí ẹni tó ń gbé e lọ pàápàá lè má mọ ohun tó ń gbé. Lọ́dún 1885, àlùfáà C. A. Gollmer tẹ ọ̀rọ̀ nípa irú rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ, a fohùn ṣọ̀kan, méjì tó kọjú síra jẹ́ ti ìbátan àti ìpàdé, méjì tó kẹ̀yìn síra jẹ́ ti ìyapa, ẹyọ kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀rọ̀ rere. Ẹ so ẹyọ mẹ́fà mọ́ra, ẹ ta kókó, méjì tó kọjú síra, kókó, mẹ́jọ, kókó, kí ẹ wá fi ẹyọ kan parí rẹ̀. Bí ọmọ bá kàn kà á, 6281 ló rí, ó sì ti rọrùn jù. Nítorí náà, ẹ má fún un ní okùn náà. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé rẹ̀: “Ọkàn mi fà sí ọ, ojú wa yóò kojú, ohùn wa yóò jọ, bí o kò bá wá, èmi nìkan ni mo kù.” Okùn á wà lọ́wọ́ bàbá àgbà kan, ẹni tí kò ní fi hàn án títí yóò fi kí i dáadáa, tí yóò sì dáhùn ìbéèrè tí àwọn àgbà ibẹ̀ kì í gbàgbé: ọmọ ta ni ọ́? Ọmọ tí kò bá mọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ á padà sílé lọ béèrè. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan á gba odidi àárọ̀, ẹ má sì kánjú.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni kí ẹ tó jáde nílé. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni “ẹ kú iṣẹ́”, ẹni tó jókòó ni “ẹ kú ìjókòó”, ẹni tó wà nídìí ọjà ni “ẹ kú ọjà”. Wọn ò gbọdọ̀ pe àgbà lórúkọ. Bí ìyá kan bá bu àmàlà tàbí wàrà fún wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́. Àgádágodo kò ní sá lọ.

Òǹkà Yorùbá ni ẹ ó fi ṣe àgádágodo kejì, òun ló sì máa ń mú àwọn ọmọ ìlú òyìnbó jù. Ẹ jẹ́ kí ìyá kan nídìí ẹ̀gúsí sọ fún wọn pé: “Àrùndínlọ́gọ́rin ni mo gbé wá, mẹ́rìndínlógójì ni mo gbé lọ.” Etí wọn á gbé ọgọ́rin àti ogójì, wọ́n á tẹ 8040, kò ní ṣí. 7536 ni. Ẹni tó bá ti gbọ́njú, ẹ fún un ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Igba lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ ẹgbẹ̀jọ, 1600. Ẹ yọ ọgọ́rùn-ún kúrò, ó di 1500. Mo mọ àgbàlagbà tó kàwé dáadáa tí kò lè ṣe é láìlo bírò.

Ẹ tún lè fi ọjọ́ ọjà ṣe àgádágodo kejì yìí, nítorí ọjà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí ọjà ọrọọrún bá ná ní ọjọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ wo ni méjì tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó ń ka ọjọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á nílé ìwé á fi márùn-ún kún mẹ́ta, á tẹ 0813. Ọjọ́ tí ọjà ná ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà ọjọ́ keje ni, àti ọjọ́ kọkànlá: 0711. Ẹ bi onílé yín ní ọjọ́ tí ọjà ń ná ní Òfíkì àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀ lóṣù tí ẹ wá, kí ẹ fi òótọ́ ṣe é, kí àwọn ọmọ lè lọ wò ó fúnra wọn.

Àgádágodo kẹta kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ta ayò lábẹ́ igi lọ́sàn-án. Ìwé á sọ pé: “Iye ihò ṣíwájú, iye ọmọ tẹ̀ lé e.” Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta: 1248. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dé nígbà tí ayò ti wọra kò lè kà á, àfi kó dúró títí wọn ó fi ta á tán tí wọ́n á tún un tò. Àwọn atayò ibẹ̀ á máa bú ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rín nígbà yẹn, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe ìjà.

Àpẹẹrẹ ni gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ yìí. Ẹ yí wọn padà, nítorí àwọn ọmọ náà mọ ìwé kà.

Ní ti ohun tó máa wà nínú àpótí, ẹ má fi owó sí i. Fìlà aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn, àpò ẹ̀pà, okùn àrokò náà fún ẹni tó kọ́kọ́ tú u. Ẹ má gbàgbé ẹ̀bùn ìyá tó gbé àpótí pamọ́ àti ti àwọn tó dáhùn ìbéèrè. Ọ̀yàyà wọn kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni.

Bí ààyè bá ṣẹ́kù, ẹ kọjá sí Ìgbòho. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣí kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Samuel Johnson kọ ọ́ pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ padà, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ ran abuké, àfín àti arọ lọ sórí òkè kan ní Ọ̀yọ́-Ilé kí wọ́n máa ṣe bí iwin lóru. Ọba kò jiyàn. Ó rán ọdẹ mẹ́fà, wọ́n sì kó gbogbo iwin náà wá sí ààfin. Ẹ lè sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ nínú mọ́tò. Tí wọ́n bá bi yín léèrè orúkọ tí wọ́n fi ń ki ọba náà lẹ́yìn ìyẹn, Ọba Mọ̀rọ̀ ni, ó sì jẹ́ lẹ́tà méje tí ẹ bá fẹ́ ra àgádágodo onílẹ́tà lọ́dún tó ń bọ̀. Mọ́tò tó ń padà láti Ìgbòho lọ́sàn-án kì í pọ̀, ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.