Àṣàrò Òwúrọ̀: Ẹkún Tó Ní Òpin

Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 15:35–16:1.

Sọ́ọ̀lù ṣì wà láàyè nígbà tí Sámúẹ́lì ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti olólùfẹ́ tó fi wá sílẹ̀: a lè pàdé rẹ̀ lọ́jà Láfẹ́nwá, síbẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́.

Ọlọ́run kò sọ pé ẹkún burú. Ó bi Sámúẹ́lì pé ìgbà wo ló máa dópin, Ó sì rán an lọ sílé Jésè. Ibẹ̀ ni Dáfídì wà.

Iṣẹ́ wo ni ẹkún yìí ti dá dúró lọ́wọ́ yín? Ẹ dìde ṣe é lónìí, bí omijé tiẹ̀ ṣì wà lójú.

Àdúrà: Baba, mo fi ẹni tó lọ lé Ọ lọ́wọ́. Gbé mi dìde, lórúkọ Jésù. Àmín.