Bí Sítíárìn Bá Ń Gbọ̀n

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí Peugeot 504 pick-up tí sítíárìn rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí a tó sáré lọ ra pátì ní Ikoku, ká kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́ táyà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n lórí eré nìkan, ká ṣe bálánsì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ bíréèkì, ká yẹ dísíìkì wò. Lẹ́yìn náà, ká fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ká mi táyà: bó bá ń yẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tai-rọ́ọ̀dù ni ká fura sí, bó bá jẹ́ lókè nísàlẹ̀, béárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ká pààrọ̀ èyí tó jẹ, ká ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Bí tai-rọ́ọ̀dù bá já lórí eré, ọkọ̀ kò ní gbọ́ tiwa mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.