Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Là Ń Rí

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Òwe mìíràn wà tí a tètè máa ń sọ fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́: ẹṣin kì í dá ni ká má tún un gùn. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ bóyá gàárì ló tú, tàbí òun ni kò mọ ìjánu ú fà, yóò tún forí sọlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí Borokiri níbí, létí omi Port Harcourt. Ká ní obìnrin kan ra àpò edé lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Orí àpò gbẹ, ó ń ta sánsán. Ó dé ìsọ̀, ó tú u, ìdí àpò tutù, edé ti ń bu. Owó àjọ tó fi rà á wọgbó. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ayé ló ń ṣe é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ṣé ó ti ọwọ́ bọ ìdí àpò kó tó sanwó? Ta ló ń kánjú lọ́jọ́ náà, òun ni àbí ẹni tó ń tà?

Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Aggrey Road, nítòsí Borokiri, ti ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. (Gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n yẹgi fún un ní 1995, ìyẹn kọ́ là ń sọ.) Kọmíṣánnà ni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n yọ ọ́ ní 1973. Ní 1977 ó du ipò aṣojú àwọn Ògóni nínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣe òfin ilẹ̀ wa, ó fìdí rẹmi, díẹ̀ báyìí ló kù. Ẹlòmíràn ì bá máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn olóṣèlú. Òwò ló dojú kọ, òwò ló sì fún un láyè láti kọ̀wé.

Èyí tó wù mí jù kò tilẹ̀ ní ìbò nínú. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi ìtàn kúkúrú kan han olùkọ́ rẹ̀, O. R. Dathorne. Olùkọ́ ní irú gẹ̀ẹ́sì tó fi kọ ọ́ lè dùn nínú ìtàn kékeré, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú pé ó lè gbé odidi ìwé. Saro-Wiwa kò gbàgbé. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1985, ìwé rẹ̀, Sozaboy, jáde, irú èdè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Òun náà ló kọ eré Basi and Company fún tẹlifíṣàn NTA. Ẹ rántí Basi? Ó ń gbé ilé Madam ní Adetola Street l'Ékòó, kò san owó ilé, ojoojúmọ́ ló ń pète bí yóò ṣe dolówó òjijì. Gbogbo ète náà ń já sófo, kò sì bojú wẹ̀yìn rí. À ń rẹ́rìn-ín rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wa sì ni Basi.

Nígbà mìíràn, a ó wẹ̀yìn, a kò ní rí àṣìṣe tiwa. Àwọn tí ìjọba wó ilé wọn ní Njemanze, ní Port Harcourt níbí, ní 2009, kí ni wọ́n ṣe? Ẹ má ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín. Àmọ́ ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí teni. Ẹ lọ bá ẹnì kan tó ti pẹ́ nídìí irú òwò yín, tí kò sì jẹ yín lówó. Ẹ ro bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ má bu apá kan pamọ́, kí àjọ tó tún kàn yín.