Ẹ Má Fi Iye Ìtọ́kasí Díwọ̀n Òótọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe ìwádìí nínú sàíkọ́lọ́jì, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu yín jù ni pé, "Sà, jọ́nà wo ni impact factor rẹ̀ ga tí mo lè fi péépà mi ránṣẹ́ sí?" N kò ní torí ìyẹn bá yín jà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ka péépà kí wọ́n tó gbé olùkọ́ ga ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá jáde lókè òkun lè pẹ́ lórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣíwájú rẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé tiyín lé lórí yìí, ṣé ó ṣì dúró?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló bí ètò kíka ìtọ́kasí. Láti ọdún 1873 ni àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ti ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Shepard's. Bí lọ́yà bá fẹ́ fi ìdájọ́ àtijọ́ gbe ẹjọ́ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀, á kọ́kọ́ ṣí ìwé náà, á wo gbogbo ilé ẹjọ́ tó ti mẹ́nu kan ìdájọ́ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a, bóyá wọ́n fọwọ́ sí i ni tàbí wọ́n ti wọ́gi lé e. Ibẹ̀ ni Eugene Garfield ti rí ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 1955, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú jọ́nà Science pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ lo iṣẹ́ kan lè rí àwọn tó ti ta kò ó, kí àṣìṣe àti jìbìtì má baà máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní 1964, Science Citation Index jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Philadelphia. Ẹ̀yìn èyí ni impact factor gbalẹ̀, nígbà tí Journal Citation Reports bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1975, tí àwọn alábòójútó ilé ìkàwé sì ń fi í yan jọ́nà tó tọ́ kí wọ́n náwó lé lórí. Irinṣẹ́ ìṣọ́ra ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́, a wá sọ ọ́ di máàkì ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń bẹ̀rù nọ́ńbà yìí láì mọ bí wọ́n ṣe ń rí i. Ká ní jọ́nà kan gbé àpilẹ̀kọ 100 jáde ní 2022 àti 2023 lápapọ̀. Ẹ wá ka iye ìgbà tí àwọn tó kọ̀wé ní 2024 tọ́ka sí àpilẹ̀kọ 100 wọ̀nyí. Ká ní ó jẹ́ 300. Ẹ pín 300 sí ọ̀nà 100, ó di 3. Impact factor ti 2024 nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ 3 yìí kò sọ pé àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan rí ìtọ́kasí mẹ́ta gbà. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́wàá péré kó 200 nínú rẹ̀, kí ogójì má sì rí ẹyọ kan. Jọ́nà kan wà tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa kírísítálì ń kà, Acta Crystallographica A: ní 2009, impact factor rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 2 dé nǹkan bíi 50, nítorí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tí George Sheldrick kọ nípa ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn ń lò. Àwọn yòókù tó wà nínú jọ́nà yẹn kò yí padà.

Ní ti sàíkọ́lọ́jì, ọdún méjì tí ìṣirò yìí fi àyè sílẹ̀ fún tún kéré jọjọ. Ẹni tó ka péépà kan lónìí, tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ethics, tó pín ìwé ìbéèrè káàkiri ilé ìwé, tó ṣírò, tó kọ ọ́, tó wá dúró de àwọn olùyẹ̀wò, ọdún kẹta á ti wọlé kí tirẹ̀ tó jáde. Àwọn jọ́nà tó sì máa ń wà lókè pátápátá, bíi Annual Review of Psychology àti Psychological Bulletin, iṣẹ́ tó kó àbájáde ìwádìí ẹlòmíràn jọ ni wọ́n ń gbé jáde jù. Ẹ má fi wọ́n wé jọ́nà tó ń gba ìwádìí tuntun.

Ẹ tún wo àpilẹ̀kọ tí Reuben Baron àti David Kenny kọ ní 1986 sínú Journal of Personality and Social Psychology. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú gbogbo sàíkọ́lọ́jì. Ọ̀nà ìṣirò ló fi kọ́ni: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ohun kan gba inú ohun kejì kọjá kó tó kan ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ tó wúlò ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn oníṣirò ti rí ọ̀nà tó sàn ju àwọn ìgbésẹ̀ wọn lọ, síbẹ̀ mò ń rí i nínú thesis àwọn ọmọ wa bí ẹni pé 1986 ni a ṣì wà. Iye ìtọ́kasí rẹ̀ ló ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Mo fẹ́ dé ibi tó ká mi lára jù báyìí. Ní 2011, jọ́nà ńlá yìí kan náà gbé iṣẹ́ Daryl Bem ti Yunifásítì Cornell jáde. Ìdánwò mẹ́sàn-án ló ṣe, àwọn tó kópa lé ní 1,000, ó sì ní òun ti fi hàn pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lè kan ohun tí ènìyàn ń ṣe báyìí. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe lọ nìyí: wọ́n fi ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan han akẹ́kọ̀ọ́ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kó kọ èyí tó bá rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán, kọ̀ǹpútà wá fúnra rẹ̀ ṣa díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà fún un láti fi ṣe ìdánrawò. Bem ní àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà padà fi ṣe ìdánrawò yìí ló ti rántí jù, kí ìdánrawò náà tó wáyé rárá! Stuart Ritchie, Richard Wiseman àti Chris French tún ìdánwò yìí ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n fi èsì wọn ránṣẹ́ sí jọ́nà tó gbé ti Bem jáde, olóòtú dá a padà, ó ní àwọn kì í gba iṣẹ́ tó kàn tún ti ẹlòmíràn ṣe. PLoS ONE ló gbà á ní 2012. Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí i dáadáa: ilé tó ṣílẹ̀kùn fún ohun ìyanu ló tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 2011 yẹn náà ni àṣírí Diederik Stapel tú ní Yunifásítì Tilburg ní Netherlands. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun dátà. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí wọ́n fà padà lé ní 50.

Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín wà nínú àwọn tó dìde láti yẹ irú iṣẹ́ wọ̀nyí wò. Brian Nosek ti Yunifásítì Virginia kó nǹkan bí 270 onímọ̀ jọ, wọ́n mú ìwádìí 100 láti inú jọ́nà mẹ́ta tó lórúkọ, gbogbo wọn ló jáde ní 2008, wọ́n sì tún wọn ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn rí ohun tí àwọn ń wá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 36 ni. Èsì náà jáde nínú Science ní 2015, ariwo rẹ̀ sì gba ayé kan.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé àwọn iṣẹ́ tó wó lulẹ̀ á di ohun ìgbàgbé. Ní 2021, Marta Serra-Garcia àti Uri Gneezy lọ ka ìtọ́kasí irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ṣeé tún ṣe ni wọ́n tọ́ka sí ju àwọn tó dúró lọ. Lẹ́yìn tí ayé ti gbọ́ pé wọn kò dúró, ìtọ́kasí wọn kò lọ sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìtọ́kasí tó wá lẹ́yìn ìyẹn, bí 12 péré ló mẹ́nu bà á pé ìwádìí náà ti kùnà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Níbí, òtítọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa òǹkọ̀wé kò wẹ̀yìn wò. Ohun tí Garfield ní kí a ṣọ́ra fún ní 1955 gan-an ni àwa fúnra wa ń ṣe.

Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba ìtọ́kasí lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú Science ní 2012, Allen Wilhite àti Eric Fong bi àwọn olùkọ́ nínú sàíkọ́lọ́jì, sosiọ́lọ́jì, ọrọ̀ ajé àti okòwò léèrè: nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ní olóòtú kan ti sọ fún òun rí pé kí òun fi ìtọ́kasí sí jọ́nà rẹ̀ kún péépà òun, láì sọ ohun tí péépà náà ṣaláìní. Àwọn tí kò tíì dé ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń ṣe é fún jù. Bí ó bá kàn yín, ẹ bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni mo fò, kí ló sì sọ? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé péépà yín lọ síbòmíràn. Ní ti àwọn jọ́nà tó ń gba owó lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ń gbé péépà jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láì sí olùyẹ̀wò kan, inú ń bí mi sí wọn. Owó ilé ìwé àbúrò yín ni wọ́n ń jẹ.

Àtúnṣe ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní 2014, Psychological Science bẹ̀rẹ̀ sí lẹ báàjì mọ́ àpilẹ̀kọ ẹni tó bá gbé dátà rẹ̀ síta. Ṣáájú rẹ̀, àpilẹ̀kọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún 2015 fi máa dé ìdajì, ó ti di 39. Jọ́nà Cortex ti ṣíwájú ní 2013 pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Registered Report: wọ́n á yẹ ìbéèrè àti ọ̀nà ìwádìí yín wò kí ẹ tó kó dátà, wọ́n á gbà á, wọn á sì gbé e jáde bí èsì rẹ̀ bá dùn tàbí bó korò. Fún ọmọ tí kò ní baba ìsàlẹ̀ kan lókè òkun, ọ̀nà yìí ni mo rí pé ó ṣe déédéé jù.

Àyè kan sì wà tó jẹ́ tiyín. Ní 2008, Jeffrey Arnett yẹ jọ́nà mẹ́fà ti American Psychological Association wò láti 2003 sí 2007. Nínú gbogbo ènìyàn tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí wọn, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Bí a bá kó Yúróòpù àti àwọn ilẹ̀ bíi Kánádà àti Ọsirélíà mọ́ ọn, ó di 96. Ìwà díẹ̀ nínú ọmọ aráyé ni wọ́n ń pè ní ìwà ẹ̀dá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Kútọnu lè bi wọ́n ní ìbéèrè ìṣáájú yẹn, pé ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, ṣé ó dúró lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba? Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sílẹ̀ yìí. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò Aró ní Abẹ́òkúta, tí aláìsàn ọpọlọ ń gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tó sì ń lọ gba ìtọ́jú. Òun àti Alexander Leighton láti Cornell wọ abúlé lọ bi àwọn èèyàn wa nípa àìsàn ọkàn, ìwé wọn sì jáde ní 1963. Impact factor kankan kò lè sọ iye ẹni tó sùn lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ dípò inú àgọ́ ìtìmọ́lé nítorí Aró.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ iṣẹ́ yín, ẹ ka péépà kọ̀ọ̀kan tán kí ẹ tó tọ́ka sí i, kì í ṣe àkékúrú ìwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ tẹ "Cited by" lórí Google Scholar, kí ẹ wá ẹni tó tún ìwádìí náà ṣe, kí ẹ sì kọ ohun tó rí. Ẹ wò ó lórí Retraction Watch bóyá wọ́n ti fà á padà. Ẹ wá ti àwọn ará ilé pẹ̀lú: IFE PsychologIA àti àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn wà lórí ìkànnì AJOL, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí thesis lórí ọmọ Ọ̀ṣun tí kò dárúkọ ẹnì kan tó ti ṣèwádìí ní Ọ̀ṣun rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yan jọ́nà, kí ẹ yan èyí tí àwọn tó lè lo iṣẹ́ yín ń kà. Bí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá bi yín ní nọ́ńbà, ẹ fún wọn, kí ẹ sì fi ohun tí iṣẹ́ náà ṣe kún un.

Bí ẹ bá sì túmọ̀ ìwé ìbéèrè sí Yorùbá, ẹ má jẹ́ kó kú sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá yín. Ẹ gbé e sórí Open Science Framework, wọn kì í gba owó, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé àti dátà tí ẹ ti yọ orúkọ àwọn èèyàn kúrò nínú rẹ̀, kí ọmọ kan ní Àkúrẹ́ lè tún un ṣe. Bí tirẹ̀ kò bá bá tiyín mu, ẹ fi ìtọ́kasí rẹ̀ sínú péépà yín tó kàn, lójú ewé àkọ́kọ́.