Agbára Kékeré Tó Ń Darí Iná Mànàmáná

Ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan wà tó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn.

Wáyà bàbà ń gbé iná dáadáa; rọ́bà kì í gbé e. Àwọn ohun kan wà láàárín méjèèjì, tí à ń pè ní sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀. Kábọ́nù àti háídrójìn pọ̀ nínú irú kan lára wọn, bí ó ti rí nínú ike. Irú èyí ló ń tan ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń tà l'Ájégúnlẹ̀.

Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ààrin mágnẹ́ẹ̀tì. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì náà kò ju mílítẹ́sílà 10 lọ, èyí tí mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ lè fúnni. Síbẹ̀, ìdènà tí iná ń bá pàdé yí padà tó ìdá 10 nínú 100, nínú yàrá lásán, láìlo ẹ̀rọ amúǹkan-tutù.

Ìyàlẹ́nu ni, nítorí ipá tí mágnẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ní lórí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan kò tó ìdá kan nínú 10,000 agbára ooru inú yàrá. Báwo ló ṣe wá ti iná? Kò tì í rárá. Ẹ wo ojú títì ní Àpápá: ẹni tó ń darí ọkọ̀ kò lè fi ọwọ́ ti tírélà, ṣùgbọ́n bó bá na ọwọ́, tírélà á dúró.

Ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kọ̀ọ̀kan dà bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tí àwọn atukọ̀ òkun fi ń mọ ọ̀nà. Mágnẹ́ẹ̀tì tíntìntín inú háídrójìn ń yí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí méjì bá pàdé, bí abẹ́rẹ́ wọn ti kọjú síra ló ń pinnu bóyá wọn yóò dàpọ̀ tàbí wọn yóò dí ara wọn lọ́nà. Mágnẹ́ẹ̀tì ìta ń borí ti háídrójìn, ó sì ń yí ìpinnu náà padà.

Ẹni tó bá sọ pé agbára náà kéré jù, tí kò sì wọ̀n ọ́n, kò ní rí nǹkan kan. Ìwà wíwọ̀n yìí ni a fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí ẹ bá ń ro ẹ̀bùn tí ẹ ó fún yàrá sáyẹ́ǹsì wa lọ́dún yìí, ẹ rántí mítà tó lè ka iná kékeré.